Ọwọ́ Mi Mọ́, Ẹnu Mi Jìnnà

Epo ẹyìn ṣì wà létè Mọ́rádékẹ́ nígbà tí agogo awògbẹ́ dún.

Ó kọ́kọ́ rò pé ti òkè kejì ni. Láti ìgbà tó ti di olùtọ́jú odídẹrẹ́ ní Ilé Ẹ̀rí, ẹ̀rọ tí ń wo ìgbẹ́ ẹyẹ náà kò dún rí, ó sì ti fi èyí yangàn títí tí àwọn olùtọ́jú ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fi fẹ́ jókòó tì í nípàdé mọ́. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Ó tún fi etí ìró nù ún kó tó yíjú sí ẹ̀rọ. Àwọ̀ ewé ló máa ń wà lójú rẹ̀ láràárọ̀. Lónìí, ó pupa fòò bí ojú ẹni tí kò sùn.

Nínú yàrá gíláàsì, Mágbàgbé, odídẹrẹ́ náà, tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wò ó lẹ́nu. Ó ń retí ìyókù.

"Dákẹ́," ni Mọ́rádékẹ́ wí, bẹ́ẹ̀ ẹyẹ náà kò sọ nǹkan kan. Ó tu èkùrọ́ tó wà lẹ́nu rẹ̀ sọ́wọ́, ó sì yára dì í mọ́ etí ìró bí olè.

Omi oògùn tú fín-ín lẹ́nu ọ̀nà. Bí ìlẹ̀kùn Ilé Ẹ̀rí ṣe ń ṣe nìyẹn, kì í jẹ́ kí ènìyàn wọlé àfi bó bá wẹ̀ ẹ́ láti orí dé ẹsẹ̀. Dókítà Ìbídùnní, ọ̀dọ́mọbìnrin tí ìgbìmọ̀ òkè yàn láti máa wo ẹyẹ, la ìkùukùu náà kọjá wọlé, ìbòmú rẹ̀ ti tutù.

"Ẹ káàárọ̀, mà." Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti wà lára ẹ̀rọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún kúrò nídìí gíláàsì yẹn."

"Bóyá ẹ̀rọ yìí ló ti gbó."

"Kò gbó, mà. Ohun tó rí ló ń sọ."

Ó fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bu díẹ̀ nínú ìgbẹ́ ẹyẹ, ó gbé e sábẹ́ awò kékeré tó fi sójú. Ó ń yí awò náà díẹ̀díẹ̀. 

"Kòkòrò inú ìfun ni," ni dókítà wí níkẹyìn. "Àwọn tí ojú lásán kì í rí. Inú rẹ̀ kún fún wọn. Ìdí nìyẹn tí ìyẹ́ rẹ̀ fi ń re, tí ìgbẹ́ rẹ̀ sì ń ṣomi. Ṣé ẹ kò kíyè sí i ni?"

Ó kíyè sí i. Ó ti sọ fún ara rẹ̀ pé ọjọ́ ogbó ni.

"Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé kì í ṣe kòkòrò ẹyẹ, mà. Ti ènìyàn ni. Ó wà lẹ́nu wa, ó wà nínú wa, kì í ṣe wá ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n inú odídẹrẹ́ kò dà bí inú wa. Bó bá débẹ̀, ọ̀tá ló ń dà. Ẹyẹ á máa yà á síta, ìgbẹ́ á gbẹ, á di eruku lórí igi tó ń bà lé. Igi yẹn náà là ń gbé síta kí gbogbo ẹni tó wá búra lè gbé ọwọ́ lé e. Ẹ sì mọ àṣà wa, a kì í fọ ọwọ́ ìbúra títí oòrùn á fi wọ̀. Wọ́n á fi ọwọ́ náà jẹun. Nígbà tí kòkòrò yẹn bá padà sọ́dọ̀ wa, kì í ṣe bó ṣe lọ ló ṣe ń bọ̀." Ó bọ́ awò náà. "Ẹ rántí ìdílé Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tó wá pín ilẹ̀ níwájú Mágbàgbé? Àìsàn ti dá wọn dùbúlẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru àti ibà. Ìyá wọn kò lè jókòó títí di bí mo ṣe ń sọ yìí."

Mọ́rádékẹ́ rántí obìnrin náà. Ó ti fi ìka nu ilẹ̀ Ilé Ẹ̀rí wò, ó ní, "Ìyá, ibí yìí mọ́ ju ibi ìdáná mi lọ." Inú Mọ́rádékẹ́ dùn lọ́jọ́ náà bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Ní báyìí, ara rẹ̀ gbóná láti ọrùn dé etí.

"Báwo ni ti ènìyàn ṣe wá dé inú ẹyẹ?" ló béèrè. Ẹ gbọ́ ẹnu tó ń béèrè!

"Ẹnì kan ń fi ẹnu bọ́ ọ, mà. Ó ń bá a jẹ oúnjẹ kúnná bí àwọn ìyá àtijọ́ ṣe ń ṣe fún ọmọ ọwọ́. Ẹ̀yin àti Ráfátù agbálẹ̀ nìkan lẹ sì ń wọ inú yàrá rẹ̀." Bó ṣe wí bẹ́ẹ̀ tán, ojú dókítà kò tilẹ̀ dúró lára Mọ́rádékẹ́. Tààrà ló lọ síbi ìgbálẹ̀ Ráfátù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ẹyẹ ńkọ́? Kí ni ẹ máa ṣe fún un?"

"Bí a bá rí ibi tí àrùn náà gbà wọlé, a ó dí i, a ó fún un lóògùn, á sì sàn. Bí a kò bá rí i, òfin ti sọ tirẹ̀. Iná ni."

Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Adájọ́ Láṣebìkan, àgbà tí irun rẹ̀ ti funfun tán, tí ohùn rẹ̀ kò sì tíì gbó. Ó ń jẹ ẹ̀pà lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ "iná". Ó da ẹ̀pà náà sílẹ̀.

"Ẹ fẹ́ sun Mágbàgbé? Ṣé ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí mọ ohun tí a fojú rí nígbà Ohùn Èké? Ohùn bàbá mi tó ti kú pè mí lórí fóònù, ó ní kí n fi owó ránṣẹ́. Mo sì fi ránṣẹ́! Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ta ilẹ̀ ìdílé wa, ẹ̀gbọ́n mi sì wà lórí ibùsùn tí kò lè lanu. Ẹ̀rọ ló ń sọ gbogbo rẹ̀. Ìdí tí ẹ̀rọ kankan kò fi gbọdọ̀ fọhùn lórí òkè yìí mọ́ nìyẹn. Odídẹrẹ́ ni tirẹ̀, ohun tó bá gbọ́ ló ń sọ, lóhùn ẹni tó sọ ọ́. Ẹ̀rí ìdajì òkè yìí ló wà lágbárí ẹyẹ yẹn, ẹ wá ń pe iná!"

"Èmi kọ́, bàbá. Òfin ni," ni dókítà dáhùn. "Bí a bá ti rí ẹni tó ṣe é, kò sí iná mọ́."

"Ẹ jẹ́ ká rí i, nígbà náà." Ó yíjú sí Mọ́rádékẹ́, ojú rẹ̀ sì rọ̀. "Ìyá Olùtọ́jú, ẹ̀yin kọ́ là ń bi o. Ta ló máa bi ẹni tó dá ìbúra sílẹ̀ pé ṣé ó ń pa á mọ́?"

Òótọ́ ni, òun ló dá a sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó sún mọ́ ẹyẹ, ó gbọ́dọ̀ wí pé, "Ọwọ́ mi mọ́, ẹnu mi jìnnà." Bí ìjókòó bá sì parí, olùtọ́jú ló ń wí i gbẹ̀yìn, gbogbo ènìyàn á dáhùn pé, "A gbọ́." Ìyàwó tuntun kan ti fẹnu ko gíláàsì rí láti fi bá Mágbàgbé ṣeré. Mọ́rádékẹ́ mú un dúró lójú ọkọ àti àwọn àna rẹ̀, ó ní kó máa wí ìbúra náà lọ, títí tí omijé fi bọ́ lójú ọmọ ọlọ́mọ. Ráfátù pàápàá jẹ nínú ìyà yìí. Ó máa ń húkọ́ díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, Mọ́rádékẹ́ á sì jágbe mọ́ ọn pé, "Tún un wí! Ṣé ikọ́ lo fẹ́ fi búra ni?"

"Ráfátù ńkọ́?" ni adájọ́ béèrè. "Ṣé ẹ rí i rí kó fi ẹnu bọ́ ẹyẹ?"

"Rárá, bàbá. Mi ò rí i rí."

"Ǹjẹ́ ó lè ṣe é nígbà tí ẹ kò bá sí níbẹ̀?"

Ibí yìí ló yẹ kó ti sọ ọ́. Ó mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ohun tó jáde ni, "Mi ò lè mọ̀."

Ẹ wò ó dáadáa, kò purọ́. Báyìí ni ènìyàn ṣe ń ti ẹlòmíràn sínú kòtò tí ọwọ́ rẹ̀ á sì mọ́. Kí oòrùn tó dé àtàrí, wọ́n ti mú Ráfátù lọ sí yàrá ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ìgbẹ́jọ́. Ẹni tó bá ti ara ẹyẹ kó àrùn bá òkè, Ìsàlẹ̀ Omi ni wọ́n ń lé e lọ, tòun tọmọ, níbi tí wọ́n ti ń wọ́ irin jáde nínú àwọn ilé tó rì.

Mọ́rádékẹ́ délé, ó fi omi iyọ̀ yọ ẹnu. Ó rin orín títí èrìgì rẹ̀ fi ṣẹ̀jẹ̀. Ìtìjú náà kò kúrò, nítorí kì í ṣe inú ẹnu ló wà.

Akínwándé, ọkọ rẹ̀, ló kọ́kọ́ ń tọ́jú Mágbàgbé. Òun àti ẹyẹ náà a máa tàkúrọ̀sọ láràárọ̀ bí ọ̀rẹ́ méjì. Ní ọdún tí ohun ọ̀gbìn kò ṣe dáadáa, òun náà bá àwọn tó ń wá irin sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀ Omi. Gbogbo àdúgbò ló gbàdúrà fún un pé odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Oko ìwájẹ ló kú sí. Omi kò sì dá òkú rẹ̀ padà.

Wọ́n fi Mọ́rádékẹ́ rọ́pò rẹ̀. Ẹyẹ náà kọ̀, kò jẹ́ fẹnu kan wóró oúnjẹ tí òfin ní kó máa jẹ, èyí tí ẹ̀rọ ń sè tí kò níyọ̀ tí kò lépo. Ó ń fa ìyẹ́ ara rẹ̀ tu. Mọ́rádékẹ́ bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Níjọ́ kan, ó rántí bí ìyá òun ṣe ń ṣe fún àwọn àbúrò òun. Ó mú ẹyìn tó pọ́n, ó jẹ ẹ́ kúnná, ó na ètè sí ẹyẹ. Mágbàgbé gbà á lẹ́nu rẹ̀ wẹ́rẹ́, ó nu àgógó mọ́ igi, ó ní, "Àyọ̀ká, ṣé o ti jẹun?"

Ohùn Akínwándé ni. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó ń pè é ní Àyọ̀ká. Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ta ni nínú yín tí kò ní tún un ṣe lọ́jọ́ kejì?

Bó ṣe ń tún un ṣe lọ nìyẹn. Nígbà tí ara ẹyẹ náà kò sì yá mọ́, kì í tilẹ̀ fọhùn fún ẹnikẹ́ni mọ́ àfi bó bá ti kọ́kọ́ jẹ lẹ́nu Mọ́rádékẹ́. Kí àwọn abúra tó dé, Mọ́rádékẹ́ á ti bọ́ ọ tán, á ti nu ẹnu, á sì wá jókòó lórí àga rẹ̀ kó máa bá ọmọ aráyé wí.

Ọ̀nà kan wà tó rọrùn. Bó bá dákẹ́, Ráfátù á lọ, Mágbàgbé á gba oògùn, á sì padà sọ́wọ́ rẹ̀. Ó búra fún ara rẹ̀ pé òun kò ní fi ẹnu bọ́ ọ mọ́ láéláé. Lẹ́yìn náà ló rántí pé òun ti búra bẹ́ẹ̀ rí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Á tún ṣe é. Ìyá ẹlòmíràn á tún dùbúlẹ̀. Ta ni wọ́n á wá lé lọ nígbà náà?

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Wọn kò kàn sọ fún wa ohun tí a ó ṣe bó bá jẹ́ pé àwa la fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sín, tó sì jẹ́ pé ẹlòmíràn ló máa gba ikú.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lọ fún Ráfátù. Ó ní àánú ló gbé òun lọ. Àánú kọ́. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá obìnrin náà ti sọ nǹkan kan ni.

Ráfátù dìde lórí ẹní, ó kúnlẹ̀. Obìnrin tí kò tíì tó ogójì ọdún ni, ìborí rẹ̀ mọ́ tónítóní, ọwọ́ rẹ̀ sì ti funfun nítorí ọṣẹ oògùn tó fi ń fọ ilé ẹyẹ.

"Ẹ kúrọ̀lẹ́, mà. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Mọ́rádékẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ju àwo náà sílẹ̀. "Ìwọ ni mo gbé oúnjẹ wá fún."

"Ẹ ṣeun, mà. Olúwa á máa pèsè." Kò fọwọ́ kàn án. "Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ mi bí ẹ bá ń kọjá. Ẹ ní mo lọ síbi iṣẹ́."

"Màá kí wọn."

 Láti ojú fèrèsé, a lè rí omi nísàlẹ̀ lọ́nà jíjìn, àti orí àwọn ilé àtijọ́ tó yọ síta nínú rẹ̀.

"Mà, ẹ má bínú o," ni Ráfátù wí, ó sì ń wo ilẹ̀. "Oúnjẹ ẹyẹ kò lépo. Àmọ́ epo máa ń wà lórí igi tó ń bà lé, ó máa ń wà lágógó rẹ̀. Láràárọ̀ ni. Mo máa ń fi ọṣẹ nù ún dáadáa kí dókítà tó dé."

Mọ́rádékẹ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

"Mo rò pé àṣírí àgbà ni mò ń bò. Ẹni tó jù mí lọ ni, n ò lè ní, 'Ìyá, ẹnu yín ńkọ́?' Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé nìyẹn. Ká ní mo ti jẹ́ kí wọ́n rí epo yẹn láti ọjọ́ yìí ni, bóyá ìyá Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ì bá má dùbúlẹ̀. Nítorí náà, mi ò lè sọ pé ọwọ́ mi mọ́ tán." Ó húkọ́ díẹ̀. "Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, mà. Mi ò sì ní sọ. Wọ́n á ní ọmọ agbálẹ̀ ń purọ́ mọ́ Ìyá Olùtọ́jú. Mo kàn ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹyẹ sọ̀rọ̀ lọ́la. Òfin fún mi láyè ìyẹn."

"Ẹyẹ kì í fọhùn mọ́, Ráfátù. Ara rẹ̀ kò yá."

"Mo mọ̀, mà." Ó wá gbójú sókè wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò sí ìbínú kankan lójú rẹ̀, ìyẹn ló sì burú jù. "Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń mú un sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

Ojú ti Mọ́rádékẹ́ débi pé kò mọ ibi tó máa gbé ojú náà sí. Ìṣòro ni kí ẹni tí a gbé sọ sínú kòtò máa fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ wá pé ká wá fa òun jáde. Gbogbo ohun tó rí sọ ni, "Jẹun kó tó tutù," ó sì jáde.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé Mágbàgbé wá sí gbọ̀ngàn nínú àpótí gíláàsì kékeré tó ní fèrèsé lójú kan. Gbogbo ènìyàn ló fi ìbòmú bo ẹnu, wọ́n sì jókòó jìnnà sí i. Àwọn ará ilé Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tó lè rìn wá. Àga ìyá wọn ṣófo láàárín wọn. Ráfátù dúró lágbede méjì, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú. Kò wo apá ibi tí Mọ́rádékẹ́ wà.

"Obìnrin yìí ní kí ẹyẹ jẹ́rìí òun," ni adájọ́ wí. "Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Bí ẹyẹ bá sọ ohun tó gbọ́, a ó fi í ṣèdájọ́. Bí ẹyẹ bá dákẹ́, ìdákẹ́ rẹ̀ náà lẹ̀rí. Ìyá Olùtọ́jú, ẹ pè é."

Mọ́rádékẹ́ dìde. Ó pe orúkọ rẹ̀. Ó súfèé fún un. Ó gba ojú fèrèsé ju wóró oúnjẹ sínú àpótí, ó sì tì í padà. Mágbàgbé wú ìyẹ́ rẹ̀ sókè bí ẹni tí òtútù ń mú, ojú rẹ̀ ti pa dé díẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ló ń wò lára Mọ́rádékẹ́, ibi tí ìbòmú bò.

"Ó dákẹ́ o," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn.

"Ẹyẹ ti dá a lẹ́bi nìyẹn."

Adájọ́ gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ tún pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, ìyá. Lẹ́yìn èyí, ó parí."

Ọwọ́ Mọ́rádékẹ́ lọ sí etí ìró. Ẹyìn kan wà níbẹ̀. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ dì í síbẹ̀ nígbà tó ń múra láàárọ̀, ó sì ti sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò mọ ohun tí òun fẹ́ fi ṣe. Ọwọ́ máa ń mọ ohun tí ọkàn kò tíì fẹ́ gbà. Ó lanu láti fi ọ̀rọ̀ sọ ọ́, kó kàn ní, "Èmi ni." Ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Ẹnu tó fi ń bá gbogbo òkè wí kò mọ bí a ṣe ń bá ara ẹni wí.

Ló bá já ìbòmú sílẹ̀, ó ju ẹyìn sẹ́nu.

Kò tètè yé àwọn ènìyàn. Wọ́n ń wò ó bó ṣe ń jẹ ẹ́, tí párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń lọ, tí ń bọ̀, tí epo sì ń pọ́n létè rẹ̀. Dókítà Ìbídùnní ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó fò dìde.

"Mà! Ẹ má ṣe é! Kòkòrò yẹn ti yàtọ̀ nínú rẹ̀, ó lè pa yín!"

Mọ́rádékẹ́ ṣí fèrèsé àpótí náà. Ó tẹ orí sílẹ̀, níṣojú adájọ́, níṣojú àwọn ará Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ àti àga tó ṣófo láàárín wọn, ó sì na ètè. Mágbàgbé sún mọ́ ọn kíá, ó gbà á lẹ́nu rẹ̀ wẹ́rẹ́ bó ṣe máa ń gbà á. Ariwo sọ nínú gbọ̀ngàn. Ẹnì kan ń ké "Yéè!" Ẹnì kan ń tutọ́.

Ẹyẹ náà nu àgógó mọ́ igi.

"Àyọ̀ká," ni ohùn ọkùnrin kan wí, ohùn tí àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ mọ̀ dáadáa. "Àyọ̀ká, ṣé o ti jẹun?"

 Adájọ́ Láṣebìkan, tó bá Akínwándé ṣọ̀rẹ́ láyé rẹ̀, di apá àga mú.

Mágbàgbé mi ìyẹ́. Ohùn tó jáde tẹ̀ lé e, ohùn Mọ́rádékẹ́ fúnra rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó rọ̀ ju bí ẹnikẹ́ni lórí òkè náà ṣe gbọ́ ọ rí. "Gbà lẹ́nu mi, gbà. Jẹ ẹ́. Má sọ fún wọn o. Ẹ̀mí mi, má sọ fún wọn."

Ó sọ ọ́. Ó tún un sọ. "Má sọ fún wọn." Odídẹrẹ́ kò mọ ohun tó ń jẹ́ àṣírí.

Mọ́rádékẹ́ dúró síbẹ̀. Ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu, ilẹ̀ kò lanu. Ìyàwó tuntun tó ti dá lóró níjọ́sí jókòó nítòsí ẹnu ọ̀nà, kò rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn kó rẹ́rìn-ín. Ṣe ló sọ ojú sílẹ̀ bí ẹni tó bá ìyá rẹ̀ níhòòhò.

Dókítà Ìbídùnní ti fèrèsé àpótí náà pa, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "A ti rí ibi tó gbà wọlé," ló sọ, kò sì pariwo. "Ẹyẹ yìí á yè."

"Ráfátù," ni adájọ́ wí, "máa lọ bá àwọn ọmọ ẹ." Ó wo Mọ́rádékẹ́, ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún gbé e mì. Kò rí orúkọ tó máa fi pè é mọ́. "Ti èyí tó kù, a ó jókòó lé e lórí." Ó nu ojú. Ó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́, ẹnu rẹ̀ ti mọ ohun tó ń tẹ̀ lé ìparí ìjókòó, kó sì tó ronú, ó ti wí i: "Olùtọ́jú, ẹ pa ìjókòó dé fún wa."

Gbogbo ènìyàn dìde gẹ́gẹ́ bí àṣà. Gbogbo wọn yíjú sí i.

Mọ́rádékẹ́ lanu. "Ọwọ́ mi," ló wí, ó sì dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀. "Ọwọ́ mi..." Ìbúra tó fúnra rẹ̀ hun, tó fi pa ọmọ ọlọ́mọ lẹ́kún, kò ṣeé gbé kọjá ahọ́n rẹ̀. Ó dúró níwájú wọn pẹ̀lú ẹnu tó ṣí sílẹ̀.

Ẹnì kan húkọ́ díẹ̀.

Àwọn ènìyàn wo Ráfátù, ṣùgbọ́n Ráfátù fi ọwọ́ bo ojú, kò lanu. Inú àpótí gíláàsì ni ikọ́ náà ti wá. Ohùn Ráfátù ló tẹ̀ lé e, ó mọ́ kedere, bó ṣe ń wí i láràárọ̀ nígbà tó bá gbé garawa rẹ̀ sílẹ̀ tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

"Ọwọ́ mi mọ́, ẹnu mi jìnnà."

"A gbọ́," ni gbogbo gbọ̀ngàn dáhùn.

Mọ́rádékẹ́ nìkan ni kò dáhùn. Epo ẹyìn ń ṣàn bọ̀ lágbọ̀n rẹ̀, kò sì nù ún.